Bíbọ́ rẹ̀ ló ṣòro: ìtọ́sọ́nà fún òṣìṣẹ́ ọsibítù lórí aṣọ ìdáàbòbò àti ọwọ́ fífọ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn

Tòmátò inú agolo ni mo fi ń kọ́ wọn. Màá po ṣíbí méjì mọ́ omi nínú abọ́ títí yóò fi ṣàn, màá wá ní kí gbogbo wọn wọ aṣọ ìdáàbòbò wọn pé: dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ìyá tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú abọ́, wọ́n á fi pa àyà, wọ́n á sì bọ́ ohun gbogbo bí wọ́n ṣe máa ń bọ́ ọ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni màá gbé dígí jáde. Ẹni tó bá rí pupa lọ́rùn, létí tàbí lábẹ́ àgbọ̀n ti mọ ibi tí àrùn ì bá gbà mú un.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, àwọn tí ara wọn mọ́ kò pọ̀. Ìyá tó ń nu ilẹ̀ wà lára wọn. Ọ̀gá dókítà wa kò sí lára wọn: tòmátò wà ní ọrùn rẹ̀, ó wà níwájú orí, ó sì wà lára fóònù rẹ̀, torí pé fóònù dún nígbà tó ń bọ́ gáùn, ó sì gbé e.

(Ẹ má ṣe lo epo pupa dípò tòmátò o. Epo máa ń sọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà di ẹlẹgẹ́. Ìdí kan náà nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi òrí tàbí Vaseline pa ọwọ́ kí ẹ tó wọ ìbọ̀wọ́.)

Nígbà tí ẹ bá ń wọ aṣọ ìdáàbòbò, aṣọ mọ́, ọwọ́ mọ́, ara yín ṣì le. Nígbà tí ẹ bá ń bọ́ ọ, àrùn ti wà níta rẹ̀, òógùn ti bò yín, ó ti rẹ̀ yín, ọkàn yín sì ti wà nílé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó àrùn. Bíbọ́ ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù níbí, àti ọwọ́, torí ọwọ́ ni a fi ń bọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìka kan ní Jos, ọsibítù kan ní Èkó

Ní 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, kó àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ ní ìlú Lassa, ní ibi tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Wọ́n fi bàlúù gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, Charlotte Shaw, we gọ́ọ̀sì mọ́ ìka, ó fi nu ẹnu aláìsàn náà tí egbò ti bò. Ọgbẹ́ kékeré kan wà ní ìka yẹn. Kò pẹ́ tí òun náà fi dùbúlẹ̀, tó sì kú. Àìsàn náà ni a ń pè ní ibà Lassa dòní, ọdọọdún ló sì ń pa òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà.

Ní ogúnjọ́ oṣù keje 2014 ni Patrick Sawyer gúnlẹ̀ sí Èkó láti Làìbéríà pẹ̀lú àìsàn lára. Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, bí èmi náà ì bá ṣe fura sí i. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ju ibà lọ, kò sì gbà kí aláìsàn náà jáde bó ti wù kí wọ́n fúngun mọ́ ọn tó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Ebola, àwọn òṣìṣẹ́ ti gbé e dìde, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀. Ogún èèyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn méjèèjì: àrùn ti wọlé kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de ìkéde orí rédíò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ dáadáa ti pẹ́ jù. Ọwọ́ fífọ̀ wà fún gbogbo aláìsàn, títí kan èyí tó wá gba káàdì lásán.

Ẹ kọ́kọ́ tún ọwọ́ ṣe

Kí ẹ tó wọ wọ́ọ̀dù, ẹ gé èékánná kúrú. Èékánná àtọwọ́dá kò ní ibi iṣẹ́ yìí, kódà bó bá jẹ́ ti ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Abẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò ń gbé, ó sì máa ń ya ìbọ̀wọ́. Ẹ bọ́ òrùká, aago àti ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́. Ẹ ká apá aṣọ sókè. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí dunjú, òfin wọn níbẹ̀ ni pé láti igunpá dé ìka kò gbọ́dọ̀ sí aṣọ tàbí aago lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́, ẹ fi pílásítà tí omi kì í wọ̀ bò ó. Ẹ rántí ìka Jos.

Ìgbà wo wá ni ọwọ́ fífọ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìgbà márùn-ún. Mo máa ń fi ìyá kan lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ fẹ́ kí i, ẹ fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú: ẹ nu ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fẹ́ ki kánúlà bọ iṣan rẹ̀ tàbí tú egbò rẹ̀: ẹ tún nu ọwọ́ kí ẹ tó ṣe é, ì báà jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún tán nígbà tí ẹ ń kí i. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, èébì tàbí itọ́ ta sí yín, tàbí ó lè ti ta sí yín: ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti tọ́jú rẹ̀ tán, ẹ ń lọ: ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìyá náà, ṣùgbọ́n ẹ tún ọ̀pá dírípù rẹ̀ ṣe, tàbí ẹ sún àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ẹ fọ̀ ọ́. Ìkarùn-ún yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. “Èmi kò mà fọwọ́ kàn án, Mátírọ́ọ̀nù.” Béèyàn kò bá fọwọ́ kàn án, ṣebí òun náà ti fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ nìyí. Ẹ fi omi rin ọwọ́, ẹ gba ọṣẹ tó lè kárí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ra ẹ̀yìn ọwọ́ kejì, kí ìka wọ àárín ìka, kí ẹ sì pààrọ̀. Ẹ tún kojú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síra, kí ìka wọnú ìka. Ẹ ká ìka kò, kí ẹ̀yìn ìka máa ra àtẹ́lẹwọ́ kejì. Ẹ wá gbá àtàǹpàkò mú bí ẹni gbá ọmọ odó mú, kí ẹ máa yí i, ọ̀tún àti òsì. Ẹ kó orí ìka márààrún jọ, kí ẹ fi ha àtẹ́lẹwọ́ yípo yípo. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi bébà nù ún gbẹ, kí ẹ fi bébà yẹn kan náà pa ẹ̀rọ omi. Gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Àtàǹpàkò àti orí ìka ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń kan aláìsàn.

Bébà ni mo wí. Táwẹ̀lì kan tó so mọ́ ìṣó láti ọjọ́ Ajé, tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń nu ọwọ́ sí, ó sàn kí ọwọ́ gbẹ fúnra rẹ̀ ju kí ẹ fi nù ún lọ. Bí ọṣẹ ẹlẹ́yọ lẹ ń lò, ẹ gé e kéékèèké, kí ẹ gbé e sórí ohun tí omi lè ti ara rẹ̀ ro. Bí ti olómi bá ni, ẹ má máa dà tuntun lé àṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kó tán, ẹ fọ ike rẹ̀, kí ẹ tó rọ òmíràn.

Omi ẹ̀rọ kì í sáábà sí, gbogbo wa la mọ̀. Garawa tó ní ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀, èyí tí Veronica Bekoe, ọmọ Gánà, ṣe, tí wọ́n fi ń pe orúkọ rẹ̀ di Veronica bucket, ti gbà wá sílẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá lọ. Ẹ fi igunpá ṣí i tàbí kí ẹnìkan bá yín ṣí i, kí ẹ gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yan ẹnìkan pàtó tí á máa pọn omi sí i. Bí kò bá sí ẹni pàtó, garawa á gbẹ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, kò ní sí ẹni tó máa jẹ́ pé òun ni.

Sànìtáísà ọlọ́tí yá ju ọṣẹ lọ, ó sì dára fún ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ìgbà márùn-ún yẹn, bí ìdọ̀tí tí ojú rí kò bá sí lọ́wọ́. Ẹ bu tó kún àtẹ́lẹwọ́, kì í ṣe ẹ̀kán kan, ẹ rà á káàkiri bí ẹ ṣe ń ṣe pẹ̀lú ọṣẹ títí yóò fi gbẹ fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Ẹ má nù ún nù, ẹ má sì dà á sórí ọwọ́ tó rin. Kòrónà, Ebola àti Lassa, ọ̀rá ló bo ara gbogbo wọn bí èèpo, ọtí àti ọṣẹ sì máa ń tú èèpo yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ tàbí èébì lọ́wọ́, ọṣẹ àti omi ni. Àwọn kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru kan wà pẹ̀lú tí ọtí kò rí ṣe.

Nígbà tí sànìtáísà wọ́n bí ojú ní 2020, ilé oògùn ọsibítù púpọ̀ ló po tiwọn nípa ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Fún líta mẹ́wàá: ethanol 96% mílílíta 8,333, hydrogen peroxide 3% mílílíta 417, glycerol 98% mílílíta 145, kí ẹ wá fi omi tí ẹ sè tó sì ti tutù kún un dé líta mẹ́wàá. Ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 72 kó tó di lílò. Apòògùn ni kó pò ó, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, jìnnà sí iná, jẹnẹrétọ̀ àti sìgá. Bí wọ́n bá ní methanol ni àwọn ní, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé e lọ: májèlé ni.

Kí ni kí ẹ wọ̀?

Ohun tí iṣẹ́ náà bá béèrè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ló máa ń jẹ́ kí èèyàn wọ ìbọ̀wọ́ mẹ́ta lórí ara wọn àti ìbòmú méjì lórí N95, ìbòmú tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ni bíbọ́ rẹ̀ ṣe máa le tó. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin.

Ẹni tó ń gba orúkọ aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà, ìbòmú àti àlàfo tó tó mítà kan ó kéré tán, pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn Kòrónà lórí bẹ́ẹ̀dì, gáùn, ìbòmú, awò tàbí ike tó bo ojú, ìbọ̀wọ́. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ irú èyí tó ń mú kí èémí aláìsàn fọ́n ká, bíi kí dókítà ki rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tàbí kí ẹ máa fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, N95 ló tọ́. 95 ní orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ń dá ó kéré tán 95 nínú 100 èérún tíntìntín inú afẹ́fẹ́ dúró. Fún Ebola, gbogbo awọ ara ni kó wà ní bíbò, bàtà rọ́bà sì wọ inú rẹ̀.

Ẹni tó ń fọ ilẹ̀ àti ẹni tó ń kó ìdọ̀tí nílò ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, épírọ́ọ̀nù, bàtà rọ́bà, ìbòmú àti awò. Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n há N95 fún àwọn ọ̀gá tó ń ṣe ìpàdé lókè, ìyá tó ń da pó èébì nù ní ìsàlẹ̀ sì ń fi ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àrùn kò ka ipò.

Wíwọ̀

Èyí kò gba àkókò. Ẹ mu omi, ẹ lọ sí ilé ìtọ̀, torí bí ẹ bá wọ̀ ọ́ tán, kò sí mímu, kò sí títọ̀. Ẹ fi fóònù, bírò àti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ẹ di irun, bí ẹ bá ń lo híjáàbù kí ẹ ki etí rẹ̀ bọ inú aṣọ iṣẹ́. Ẹ nu ọwọ́. Gáùn ni àkọ́kọ́, kó dé orúnkún, kí ẹ so ó lẹ́yìn. Ìbòmú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà awò tàbí ike ìbojú, ìbọ̀wọ́ ló gbẹ̀yìn, kó sì bo ọrùn ọwọ́ gáùn.

N95 ni kí ẹ fara balẹ̀ wọ̀. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ bí ife, kí irin imú kọjú sí orí ìka, kí okùn rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ gbé e bo àgbọ̀n àti imú. Okùn òkè lọ sí àtàrí, ti ìsàlẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba orí ara wọn kọjá. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ irin náà mọ́ egungun imú láti àárín bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá fi ọwọ́ bò ó, kí ẹ mí jáde gidi. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ yín lójú tàbí lẹ́rẹ̀kẹ́, kò tíì dì, ẹ tún un ṣe. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó dì. Mo mọ̀ pé irùngbọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn fún àwọn arákùnrin wa kan, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fá a; kí ọ̀gá wọ́ọ̀dù fún wọn níṣẹ́ tí kò béèrè N95.

Nígbà tí ẹ bá wà nínú rẹ̀

Ọwọ́ yín kò gbọ́dọ̀ gòkè ju èjìká lọ. Imú á yún yín. Òógùn á wọ ojú. Awò á kún fún ìkùukùu. Bó bá di dandan láti tún nǹkan ṣe lójú, ẹ jáde lọ bọ́ ọ, kí ẹ wá wọ òmíràn.

Ẹ máa pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ láàárín aláìsàn kan sí èkejì, kí ẹ sì nu ọwọ́ láàárín rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ kì í ṣe àfidípò ọwọ́ fífọ̀. Ihò tí ojú kò rí máa ń wà lára rẹ̀, ọwọ́ sì máa ń dọ̀tí nígbà tí a bá ń bọ́ ọ. Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó fi ìbọ̀wọ́ kan náà gba ẹ̀jẹ̀, ó fi ṣí ìlẹ̀kùn, ó fi kọ̀wé sí fáìlì, ó tún fi tún híjáàbù ara rẹ̀ ṣe. Ara rẹ̀ nìkan ló ń dáàbò bò lójú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló wá fi ọwọ́ kó àrùn lọ sí orí. Ẹ má sì bomi bílíìṣì sórí ìbọ̀wọ́ tí ẹ wọ̀ pé kó lè pẹ́. Ńṣe ló ń jẹ ẹ́.

Nínú ooru wọ́ọ̀dù wa tí fáànù kì í ṣiṣẹ́, ẹni tó wọ aṣọ Ebola pé kò lè pẹ́ nínú rẹ̀. Kí ẹnìkan wà níta tó ń wo aago. Bí ojú bá ń ṣú yín, ẹ jáde nígbà tí ẹ ṣì lè bọ́ ọ fúnra yín.

Bíbọ́

Ẹ dúró níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kí agbọ̀n ìdọ̀tí tí a ń fi ẹsẹ̀ ṣí, sànìtáísà àti dígí wà níbẹ̀. Ẹ má dá nìkan bọ́ ọ. Kí ẹnìkejì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kó máa ka ìgbésẹ̀ sókè, kí ẹ máa ṣe èyí tó bá kà, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ àṣà wa ti ń wọ̀ ọ́. Ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ kì í lè sọ fún ọ̀gá pé kó dúró. Á máa wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ tó dọ̀tí gbé ìbòmú, ẹnu rẹ̀ á wúwo. Nítorí náà, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ sókè kó tó bẹ̀rẹ̀: “Bí mo bá ṣì í, sọ fún mi.” Kí ẹnìkejì náà sì mọ ọ̀nà tó fi máa wí i. Ìyá tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù wa mọ̀ ọ́n wí: “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dúró ńbẹ̀ ná. Ọwọ́ yín, sà.” Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, àṣẹ sì wà níbẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ bọ́, torí òun ló dọ̀tí jù. Ẹ fi ọwọ́ kan já ìta ìbọ̀wọ́ kejì mú ní ọrùn ọwọ́, láìkan awọ ara. Ẹ bó o sódì, kí ẹ ká a sí àtẹ́lẹwọ́ tó ṣì wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ wá ki ìka tó wà ní òfìfo bọ abẹ́ ọrùn ìbọ̀wọ́ tó kù, láti inú, kí ẹ bó o bo èkíní. Méjèèjì á di ẹyọ kan tí inú rẹ̀ wà níta. Ẹ jù ú sínú agbọ̀n láti orí rẹ̀, ẹ má rọ́ ọ wọlé. Bó bá ta bí rọ́bà kànnàkànnà, ẹ ti yára jù. Èyí máa ń ta ẹ̀kán omi sí ojú.

Ẹ nu ọwọ́.

Gáùn ló kàn. Ẹ tú okùn ẹ̀yìn. Ẹ di inú rẹ̀ mú ní èjìká, ẹ fà á síwájú kúrò lára, kí ìta rẹ̀ máa yí padà wọ inú. Ẹ ká a bí ẹni ká ẹní, kí ìdọ̀tí wà láàárín rẹ̀, kí ọwọ́ yín má kan iwájú rẹ̀ rárá. Ẹ jù ú sínú agbọ̀n bó bá jẹ́ tìlò-ẹ̀ẹ̀kan, tàbí sínú ọ̀rá aṣọ fífọ̀ bó bá jẹ́ aṣọ. Ẹ má gbọn ọ́n.

Ẹ nu ọwọ́.

Awò tàbí ike ìbojú: ẹ di ọwọ́ tàbí okùn rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn orí, kí ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, kí ẹ gbé e kúrò. Iwájú rẹ̀ ló dọ̀tí. Ẹ gbé e sí ike tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fífọ̀.

Ìbòmú ló gbẹ̀yìn, nígbà tí ẹ bá ti jáde kúrò níbi tí aláìsàn wà. Ti N95, ẹ fa okùn ìsàlẹ̀ kọjá orí wá síwájú kí ẹ tó fa ti òkè. Ti onísíso, ẹ tú ìsàlẹ̀, kí ẹ tó tú òkè. Bí ẹ bá ṣí òkè ṣáájú, iwájú rẹ̀ á já lu àyà yín. Okùn nìkan ni ọwọ́ yín kàn; ẹ má fọwọ́ kan iwájú, ẹ má fà á sí àgbọ̀n láti bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.

Ẹ wá fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, dé ọrùn ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Bí ẹnìkan bá ní òun ti bọ́ tirẹ̀ kí ẹni tó ń ka ìgbésẹ̀ tó kà dé ibi gáùn, ẹ lọ gbé dígí wá fún un.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ìbọ̀wọ́ ya lọ́wọ́: ẹ fi aláìsàn sílẹ̀ bí kò bá léwu, ẹ bọ́ ọ, ẹ fọ ọwọ́, ẹ wọ òmíràn. Abẹ́rẹ́ gún yín: ẹ fọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ẹ má fún un, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má da bílíìṣì sí i. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín lójú ẹsẹ̀, torí oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíákíá, kó má kọjá wákàtí 72. Ẹ má sì dé abẹ́rẹ́ padà lẹ́yìn lílò. Inú àpótí abẹ́rẹ́ ló ń lọ tààrà. Omi ara aláìsàn ta sí ojú: ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án gidi, kí ẹ sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun ṣèèṣì kan nǹkan kò gbọ́dọ̀ gba ìwé ìbáwí. Níbi tí wọ́n bá ti ń bá a wí, ọjọ́ kejì ni gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa mọ́.

Omi bílíìṣì

Ẹ ka ara ike rẹ̀ kí ẹ tó pò ó. Bó bá jẹ́ 3.5%, ìwọ̀n bílíìṣì kan sí ìwọ̀n omi mẹ́fà á fún yín ní 0.5%, èyí tó wà fún ẹ̀jẹ̀ àti èébì tó dà sílẹ̀. Ìwọ̀n kan sí omi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n á fún yín ní 0.1%, fún tábìlì, bẹ́ẹ̀dì àti awò. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ ìnù fa púpọ̀ rẹ̀, ẹ da bílíìṣì lé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó nù ún mọ́. Awò, ọṣẹ ni àkọ́kọ́, bílíìṣì 0.1% fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà omi lásán.

Ojoojúmọ́ ni kí ẹ po tuntun. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ohunkóhun mìíràn, afẹ́fẹ́ tó ń ti ibẹ̀ jáde lè dí èèyàn ní èémí. Ẹ má sì fọ́n ọn sí ara èèyàn. Gbogbo yàrá ìfọ́nlára tí wọ́n gbé sí ẹnu géètì ní 2020, owó ló run.

Nígbà tí kò bá tó

Yóò ṣẹlẹ̀. Ní 2020, a rí N95 lójú àwọn tó ń to sí báǹkì nígbà tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lọ́fun aláìsàn. Bí ó bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ dín èèyàn tó ń wọ yàrá kù: ẹni tó máa fún aláìsàn lóògùn náà ni kó wọn ìwọ̀n ooru ara rẹ̀, kó gbé oúnjẹ rẹ̀ wọlé, lẹ́ẹ̀kan náà. N95 kan lè wà lójú láti aláìsàn kan sí òmíràn nínú wọ́ọ̀dù kan náà, bí ike ìbojú bá bò ó, tí kò rin, tí kò dọ̀tí, tí mímí kò sì nira. Bó bá tutù tàbí okùn rẹ̀ dẹ̀, ó ti parí. Ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fọ̀ tún lò, kò sí ìgbà tó dára fún un. Gáùn aṣọ tí a lè fọ̀ sàn ju ti ọ̀rá ìlò-ẹ̀ẹ̀kan tó ti ya lọ.

Ní ilé, aṣọ iṣẹ́ sínú garawa ọlọ́ṣẹ lójú ẹsẹ̀, bàtà sí ẹnu ọ̀nà, fóònù kí ẹ nù ún pẹ̀lú ọtí, lẹ́yìn náà ìwẹ̀. Kí ọmọ tó ń sáré bọ̀ wá dì mọ́ yín dúró díẹ̀.

A tún ṣe ìdánrawò tòmátò ní oṣù tó kọjá. Ọ̀gá dókítà wa dé, ìyá tó ń nu ilẹ̀ ló ń ka ìgbésẹ̀ fún un, ó sì fi ọ̀wọ̀ dá a dúró ní ẹ̀ẹ̀mejì. Mo gbé dígí wá. Ọrùn rẹ̀ mọ́, iwájú orí mọ́, fóònù wà nínú dúrọ́ọ̀. Àmì kan ṣoṣo ló kù, pupa tíntìn, lẹ́yìn etí òsì, níbi tí ìka rẹ̀ ti kan okùn ìbòmú kó tó nu ọwọ́. Ó wò ó, ó mú gáùn tuntun, ó ní ká tún un ṣe.